Itọ́ Ni Tàbí Ìtọ̀? Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Dókítà Ṣe Ń Di Àkọsílẹ̀ Inú Ẹ̀rọ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní ń yọ ọfà lápó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún tí ó kọjá ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa dá abẹ́rẹ́ dúró pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ náà, èmi ni mo mú ìyá tí ó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, láti ilé wa ní Agbowó lọ sí ilé-ìwòsàn kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ilé-ìwòsàn náà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, wọ́n wá fáìlì Màmá títí, wọn kò rí i. Fáìlì kún orí pẹpẹ dé àjà. Òmíràn ti ya, òmíràn ti rọ̀ nítorí omi òjò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì, wọ́n ní kí a ra káàdì tuntun. Dókítà ọ̀dọ́ kan yẹ Màmá wò. Ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ó kọ̀wé kíákíá nítorí pé èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ń fa oògùn náà nígbà tí Màmá béèrè pé, “Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe irú èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́sí ni?” Nọ́ọ̀sì dúró. Ó pe dókítà. Pẹnisílíìnì ni. Inú fáìlì tí ó sọnù ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ara Màmá kò gba pẹnisílíìnì.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé Màmá ṣì lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó dákú ni a ṣe gbé e débẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó mú mi wádìí nípa ọ̀nà tuntun kan tí ó ti ń wọ ilé-ìwòsàn káàkiri ayé, èyí tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́ ọ, tí ó ń kọ ọ́, tí ó sì ń tò ó sí àyè tí ó yẹ nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti ń ṣìnà, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá.

Ohun tí dókítà ń kọ

Ọ̀pọ̀ wa rò pé orúkọ àìsàn àti orúkọ oògùn nìkan ni dókítà ń kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1968, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Lawrence Weed tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí ó ṣe yẹ kí a máa to àkọsílẹ̀ aláìsàn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ètò alápá mẹ́rin tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé ti jáde. Apá kìíní ni ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, bí àpẹẹrẹ, “Orí ń fọ́ mi.” Apá kejì ni ohun tí dókítà fi ojú rí, tí ó fi ọwọ́ bà, tàbí tí ó fi ẹ̀rọ wọ̀n. Apá kẹta ni èrò dókítà nípa ohun tí àìsàn náà jẹ́. Apá kẹrin ni ohun tí wọn yóò ṣe sí i: oògùn, àyẹ̀wò, àti ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá. Ẹ ó rí i pé ohùn aláìsàn ni ó ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni n óò parí ọ̀rọ̀ mi sí.

Ilé-ìwòsàn ńlá UCH tí ó wà nítòsí wa yìí, òfin 1952 ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1957. Ní ayé ìgbà náà, orí bébà ni àwọn ilé-ìwòsàn ń kọ gbogbo nǹkan sí. Bébà ní ìwà rere tirẹ̀. Kò béèrè iná mànàmáná, kò sì sí ohun tí a kọ sí i tí yóò ní òun kò gbà. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni ó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fáìlì bá wà lọ́wọ́ dókítà ojú, dókítà ọkàn kò lè rí i. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá kọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹlòmíràn kò lè kà á. Paríparí rẹ̀, bébà kì í dáhùn ìbéèrè. Bí ọ̀gá ilé-ìwòsàn bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ara wọn kò gba pẹnisílíìnì, àfi kí ẹnì kan jókòó kí ó máa ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Ẹ ronú nípa lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀rẹ́ àti fọ́ọ̀mù tí a ń kún ní báǹkì ní Dùgbẹ̀. Nínú lẹ́tà, ọ̀rọ̀ lè wà níbikíbi. Nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ ní àyè tirẹ̀, ọjọ́ ní àyè tirẹ̀, iye owó ní àyè tirẹ̀. Bí a bá ti mọ àyè tí nǹkan wà, ẹ̀rọ lè rí i lójú ẹsẹ̀, ó sì lè kà á mọ́ ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn.

Ṣùgbọ́n àyè tí dókítà níláti kún pọ̀, èrò sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ kúrò lára aláìsàn. Dókítà Tobi Olatunji, oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Intron Health sílẹ̀, bá ìṣòro yìí pàdé. Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé fífi ọwọ́ kọ ọ́ rọ àwọn dókítà lọ́rùn ju títẹ̀ ẹ́ lọ. Èyí ni ó gbé wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ sísọ: kí dókítà máa sọ, kí ẹ̀rọ máa kọ.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kí a sọ pé dókítà kan ní Ring Road sọ̀rọ̀ báyìí sí ẹ̀rọ (Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sábà fi sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá): “Màmá ẹni ọdún 72. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ rẹ̀ jáde. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ní in. Ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru dé 160 lórí 95. Kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀.”

Iṣẹ́ kìíní ni gbígbọ́. Ẹ̀rọ a gé ohùn dókítà sí wẹ́wẹ́, a sì wo bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀-èdè ni ó ti kọ́ èdè. Ohùn àìmọye ènìyàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kíkọ sílẹ̀, ni a fi kọ́ ọ. Nítorí náà, ohun tí ó jọ èyí tí ó ti gbọ́ rí ni ó máa ń retí. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dá a lójú, yóò mú èyí tí ó rò pé ó ṣeé ṣe jù.

Iṣẹ́ kejì ni pípín. Ẹni tí ó bá mọ ọjà Bódìjà yóò tètè yé. Ọkọ̀ akẹ́rù á dé pẹ̀lú iṣu, ẹ̀wà, ata àti àlùbọ́sà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè rajà. Àwọn alábàárù ni yóò já a, tí iṣu yóò fi dé ìsọ̀ oníṣu, tí ata yóò fi dé ìsọ̀ aláta. Bákan náà ni ẹ̀rọ ń ja ẹrù inú ọ̀rọ̀ dókítà. “Ọdún 72” lọ sí àyè ọjọ́-orí. “Ikọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” lọ sí àyè ohun tí aláìsàn wí. “160 lórí 95” lọ sí àyè ohun tí a wọ̀n. “Àbúrò rẹ̀ ní in” lọ sí àyè àìsàn ìdílé. “Kò gba pẹnisílíìnì” lọ sí àyè ìkìlọ̀. “Fọ́tò àyà” lọ sí àyè ohun tí a fẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ kẹta ni fífi àmì sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ńlá kan tí ó fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní àmì, kí dókítà tí ó wà ní Ìbàdàn àti èyí tí ó wà ní Japan lè gbọ́ra wọn yé láìsọ èdè kan náà. Ẹ̀dà kọkànlá ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2022, ṣùgbọ́n àwọn àmì ti ẹ̀dà kẹwàá ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé wọ́n kúrú. Nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ikọ́ jáde ni R04.2. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni I10. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba pẹnisílíìnì, Z88.0 ni tirẹ̀. Bí Z88.0 bá ti wọlé síbi tí ó yẹ, tí dókítà mìíràn sì fẹ́ kọ pẹnisílíìnì fún Màmá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a lè ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó kígbe. Ohun tí Màmá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣìnà

Iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ewu wà lóko Lóńgẹ́. Ewu àkọ́kọ́ ni ti ohùn. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ kò mọ bí Ìjẹ̀bú tàbí Ìgbò ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2023, Olatunji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ba orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà jẹ́. Ẹ má sì ṣe fojú kékeré wo orúkọ. Bí orúkọ aláìsàn bá di orúkọ ẹlòmíràn, oògùn ẹlòmíràn ni wọn yóò fún un. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé àkójọ ohùn tí wọ́n pè ní AfriSpeech-200 jáde. Wákàtí 200 ni, ènìyàn 2,463 láti orílẹ̀-èdè 13 ni ó sọ ọ́, oríṣi ìpè 120 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣègùn sì wà lára ohun tí wọ́n kà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé etí ẹ̀rọ ṣeé tún ṣe, bí àwọn tí ó ni ohùn bá fi ohùn wọn sílẹ̀.

Ewu kejì wà nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké. Ẹ padà wo àpẹẹrẹ wa: “Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ní in.” Bí ẹ̀rọ kò bá gbọ́ “kò,” Màmá ti di alátọ̀gbẹ. Bí ó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tí “àbúrò rẹ̀” ń tọ́ka sí, Màmá náà ti di alátọ̀gbẹ. Ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì nípa ìyísódì àti arọ́pò-orúkọ, tí àwọn kan ń sọ pé kò wúlò, òun ni ó dúró sáàárín aláìsàn àti oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ yìí.

Ewu kẹta ni èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù. Ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ẹ̀rọ agbọ́rọ̀-kọ kan tí ń jẹ́ Whisper jáde ní 2022. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tí wọ́n fi dán an wò, ẹ̀rọ náà kọ odidi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún irú àfikún bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè ṣe ènìyàn ní ibi. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù sí àwọn tí àìsàn mú kí ọ̀rọ̀ máa falẹ̀ lẹ́nu wọn, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ wọn. Ènìyàn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí.” Ẹ̀rọ yìí kì í béèrè. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo, ó sì ń kọ ọ́ ní àkọgún bí ẹni pé dókítà ni ó sọ ọ́.

Ibi tí ó ti kàn wá

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n èdè wo ni Màmá Àgbà fi bá dókítà sọ̀rọ̀? Yorùbá ni. Apá kìíní àkọsílẹ̀ náà, èyí tí ó ṣáájú gbogbo rẹ̀, èdè wa ni a fi sọ ọ́ kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ̀rọ yóò bá sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, èdè wa ni yóò gbọ́.

Mo gbé àpilẹ̀kọ yìí lọ fún atẹ̀wé kan ní Agbowó, ní òdì-kejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì wa. Ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fi àmì sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ mi, “itọ́” ti di “ito,” “ìtọ̀” náà sì ti di “ito.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bí aláìsàn bá ní ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ òun jáde nígbà tí òun bá wúkọ́, R04.2 ni, dókítà yóò sì ronú nípa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ òun jáde, R31 ni, kíndìnrín tàbí àpò ìtọ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ohùn tí ó wà lórí fáwẹ́lì méjì péré ni ó pààlà sáàárín àyẹ̀wò méjèèjì. Nígbà tí a bá ń kùn pé àmì ohùn ń dá wa dúró, ẹ jẹ́ kí a rántí èyí.

Kì í sì í ṣe ti ohùn nìkan. “Àtọ̀sí” ni àìsàn tí ń ti ara ìbálòpọ̀ wá, A54 ni àmì rẹ̀. “Àtọ̀sí ajá” ni èyí tí kòkòrò inú odò ń fà, tí àwọn ọmọdé tí ń wẹ̀ lódò máa ń ní, B65.0 ni tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ “ajá” mọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó ti fi àìsàn àgbà àti ìtìjú rẹ̀ kan ọmọ ọdún mẹ́jọ. “Ibà” ńkọ́? Ibà lè jẹ́ kí ara kàn gbóná, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ R50, ó sì lè jẹ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, tí a lè fún ní B54. Aláìsàn tí ó ní “ibà ń ṣe mí” kò tíì sọ èyí tí ó jẹ́, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ yàn fún un kí àyẹ̀wò tó dé. “Jẹ̀díjẹ̀dí” tilẹ̀ tún le jù, nítorí pé oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn ènìyàn wa kó sábẹ́ orúkọ náà. Kò sí àmì kan ṣoṣo tí ó lè gbé gbogbo rẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣe iṣẹ́ yìí? Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ìwé kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1990. Nítorí iṣẹ́ wọn ni èmi fi lè kọ “ìyísódì” àti “arọ́pò-orúkọ” lókè yìí láìyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Irú rẹ̀ ni a nílò fún ìlera, kí ó sì jẹ́ pé àwọn aláìsàn, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà ni a ó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa kò gbọdọ̀ máa pa á tì. Ẹni tí ó bá lè gba ohùn ogún ènìyàn sílẹ̀ ní Challenge àti ní Bódìjà, bí wọ́n ṣe ń ròyìn àìsàn ní ẹ̀ka-èdè tiwọn, tí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, ti ṣe ohun tí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ kò lè fi owó rà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè o. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tí a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Àgbálọgbábọ̀

Èrò mi rèé. Mo fara mọ́ ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí ó bá ti dúró wákàtí méjì nídìí fáìlì tí ó sọnù kò lè sọ pé kí a wà lórí bébà títí ayé. Ṣùgbọ́n kò tó kí dókítà nìkan ka ohun tí ẹ̀rọ kọ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí wọ́n kà á sí etí ẹni tí ó ni ara, ní èdè tí ó gbọ́, kí ó lè ní, “Bẹ́ẹ̀ ni,” tàbí, “Rárá o, itọ́ ni mo wí, n kò sọ pé ìtọ̀.” Ohùn aláìsàn ni ó ṣáájú nínú àkọsílẹ̀, etí rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Bí a bá sì fẹ́ kà á fún un ní Yorùbá, àfi kí a ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dúró ṣinṣin fún gbogbo àyè inú fọ́ọ̀mù náà. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé-ìwòsàn dé, mo mú páálí kékeré kan, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá pé, “Ara mi kò gba pẹnisílíìnì.” Mo ní kí Màmá Àgbà máa fi sínú àpò owó rẹ̀. Kò gbà á. Ó ní, “Kà á fún mi ná.” Mo kà á. Ó mi orí. “Ìwọ ọmọ yìí, o ò kọ kápúsù pupa òun dúdú yẹn sí i. Òun náà wú mi lójú nígbà kan.” Ampicillin ni ó ń wí, ara ìdílé pẹnisílíìnì sì ni lóòótọ́. N kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì sí ìwé tí mo ti lè rí i. Mo fi kún un, mo tún un kà. Ìgbà náà ni ó tó gbà á lọ́wọ́ mi.